Iyùn tó wà láàyè: bí ẹ ṣe lè tọ́ ọ nínú àpótí gíláàsì kékeré láìda kẹ́míkà sí i, kódà ní Okitipupa

Bí ọba kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀ bá múra jáde, iyùn ni ojú yín máa kọ́kọ́ bá lọ́rùn àti lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé òkúta ni. Kì í ṣe òkúta o. Egungun ẹranko kékeré inú òkun ni. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọba ti wá, àwọn oníṣòwò Potogí sì kó o wá sí Ìbíní ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀ so mọ́ Ìbíní yìí kan náà.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn tí èèyàn ń tọ́ nínú àpótí gíláàsì. Fídíò wọn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ wọn ń dán bí ańkárá tuntun. Èmi náà ti tọ́ ọ rí, nínú àpótí lítà 40. Mo gbé e wá sí Okitipupa, ó sì lo oṣù márùn-ún níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, epo jẹnẹrétọ̀ tán, mo ti sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti funfun bí omi ògì, òórùn rẹ̀ ò sì ṣe é fẹnu sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kẹ́míkà ni mi ò lò. Irọ́ ni. Omi tí kò rìn láti òru mọ́jú ló pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ tọ́ ná. Ara iyùn inú àpótí kún fún ewé omi tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ewé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, á sì fún onílé rẹ̀ nínú rẹ̀, bí ayálégbé tó ń fi oúnjẹ san owó ilé. (Iyùn ọba ò ní irú ayálégbé bẹ́ẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀ ló ń gbé lábẹ́ òkun. Ẹ má wá a fún àpótí yín.) Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé ayálégbé rẹ̀ jáde, ara rẹ̀ á funfun. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó kú nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé ìfunfun yìí ti tún kárí àwọn òkun ilẹ̀ olóoru lágbàáyé, ìgbà kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Tí òkun ńlá bá lè gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa lítà 40?

Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà wá ńkọ́? Iyùn olókùúta, irú bí Acropora, máa ń fa calcium àtàwọn èròjà míì nínú omi láti fi kọ́ egungun rẹ̀. Níbi tí irú wọn bá pọ̀ sí, èròjà yìí tètè ń tán, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń da kẹ́míkà sí i lójoojúmọ́. Iyùn ẹlẹ́ran rírọ̀ kì í kọ́ irú egungun bẹ́ẹ̀, ohun tó ń fà kò tó nǹkan. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, iyọ̀ inú omi tuntun á dá ohun tó lọ padà. Ó tán. Nínú àpótí kékeré, àṣìṣe ṣíbí kan ti pọ̀ jù, torí náà kẹ́míkà léwu níbẹ̀ ju ibi tí omi bá pọ̀ sí lọ.

Gíráàmù iyọ̀ 35 ló ń lọ sí lítà omi kan. Fún lítà 40, kílò kan àti gíráàmù 400 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lítà mẹ́rin lọ́sẹ̀, gíráàmù 140. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún àpótí òkun ni mò ń sọ, èyí tí calcium àti magnesium wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ o! Bí ẹ bá ní ohun èlò láti fi yẹ omi wò, kí calcium wà láàárín mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan.

Omi tí ẹ máa po iyọ̀ mọ́ gan-an tún jẹ́ wàhálà. Omi kànga lè dùn lẹ́nu, kí ohun tí iyùn ò fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Omi òjò tó gba orí páànù lè gbé irin wá, bàbà díẹ̀ báyìí sì ti tó pa á. Omi RO ló dáa jù. Ẹnì kan á ní, "Ṣebí òkun wà nítòsí, kí n gba Igbokoda kọjá lọ bu omi ní Ayetoro?" Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹrẹ̀ ni etíkun Ìlàjẹ lọ́hùn-ún, omi odò sì ń já sínú rẹ̀. Ẹ ò lè rí òkìtì iyùn níbẹ̀, torí iyùn fẹ́ omi tó mọ́ gaara tí iyọ̀ rẹ̀ kì í yí padà.

Bí omi bá ń fà nínú àpótí, omi lásán ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe omi iyọ̀. Oòrùn kì í gbé iyọ̀ lọ. Mo ṣe àṣìṣe yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ to àpáta àti yanrìn sínú rẹ̀, kí ẹ wá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí lè ráyè gbilẹ̀. Ìdúró yìí ló ń sú èèyàn jù.

Ní ti iná, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìlú gúúsù Ondo fi wà nínú òkùnkùn, ẹ ò lè gbọ́kàn lé wáyà ìta. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Pọ́ǹpù tó ń da omi rú ń jẹ wáàtì 5, tọ̀sántòru: 120 lóòjọ́. Gílóòbù LED wáàtì 25 fún wákàtí mẹ́sàn-án: 225. Fáànù kékeré wáàtì 10 tí ẹ kọjú sí ojú omi lọ́sàn-án fún wákàtí mẹ́wàá: 100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 445. Páńẹ́lì sólà wáàtì 200 pẹ̀lú bátìrì lithium fóòtì 12, 100Ah, á gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ méjì bí oòrùn ò bá tilẹ̀ yọ. Fáànù yẹn kì í ṣe fàájì o. Ìwọ̀n 25 sí 27 ni ooru tí iyùn ń fẹ́, ọ̀sán oṣù kejì ní Okitipupa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ohun gbogbo bá kú pátá, iyùn lè fara da òkùnkùn ọjọ́ méjì. Àìrìn omi ni kò lè fara dà: ẹ fi ife bu omi, ẹ dà á padà láti òkè, ẹ tún un ṣe títí iná á fi dé.

Discosoma ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bí olú, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè ra zoanthid, ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀wọ́: májèlé ńlá wà lára àwọn kan, ẹ má sì se àpáta tí wọ́n wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná láé, oruku omi náà ti gbé odindi ìdílé dé ọsibítù nílẹ̀ òkèèrè. Iyùn olókùúta wà lábẹ́ àdéhùn CITES tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè láìní ìwé àṣẹ. Bí ẹni tó ń tà á fún yín ò bá rí ìwé náà fi hàn, ẹ bá tiyín lọ.