Owó Ibodè, Owó Orí àti Àga Ìgbìmọ̀: Ìtàn Káńsù Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé lónìí, inú ìwé púpọ̀ ni yóò ti máa ṣa á jọ. A. K. Ajíṣafẹ́ àti J. B. O. Losi, tí ìwé ìtàn ìlú náà láti ọwọ́ wọn wà nílẹ̀ láti 1924, ọba àti ogun ni wọ́n gbájú mọ́. Sàbúrì Bíòbákú tú ọ̀rọ̀ ìṣèlú Ẹ̀gbá palẹ̀ dáadáa nínú ìwé rẹ̀ ti 1957, ṣùgbọ́n ọdún 1872 ló ti dánu dúró. Àwọn tó kọ̀wé lórí ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lórí owó orí kì í sábà padà sẹ́yìn dé ìgbà owó ibodè. Àlàfo yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì tí kò tọ̀nà máa rìn kiri láàárín wa: pé òyìnbó ló kọ́ wa ní káńsù, àti pé àtúntò ọdún 1976 ló bí ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá to àwọn àkọsílẹ̀ yìí síbi kan, ohun tí wọ́n ń wí ni pé láti nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà tí owó ìlú ń gbà wọlé, àti bóyá ẹni tó ń san án ní àga nínú ìgbìmọ̀, ló ń pinnu ìgbìmọ̀ tí yóò pẹ́ àti èyí tí yóò wó.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé ìjọba tirẹ̀ wá. Iye ìlú kéékèèké tó wá kò dọ́gba nínú ìwé, àríyànjiyàn yẹn kò sì kan ọ̀rọ̀ wa. Ohun tó kàn wá ni pé Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu, oníkálukú ló ní àwọn Ògbóni tó ń dájọ́, àwọn Ológun tó ń jagun, àti àwọn Pàràkòyí tó ń bójú tó ọjà àti òwò. Àpò owó kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú kò sí. Ipá àti iyì Ṣódẹkẹ́, olórí ogun wọn, ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tó kú ní 1845, okùn náà tú.

Ọdún 1865 ni ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tó gbìyànjú láti ní àpò kan jáde, èyí tí àwọn ìwé ń pè ní Egba United Board of Management (EUBM). G. W. Johnson, aránṣọ kan nínú àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, ni akọ̀wé rẹ̀ àti ẹni tó gbé èrò náà kalẹ̀. Bàṣọ̀run Ṣómóyè ni olórí rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn òǹkọ̀tàn kò fẹ́ kà á sí ìjọba. Wọ́n ní John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, kò gbà á wọlé. Wọ́n tún ní àwọn Ògbóni ń bá ìpàdé tiwọn lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àti pé àwọn Sàró díẹ̀ tó mọ̀wé ló ń fi lẹ́tà ṣe ìjọba. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Síbẹ̀ kò tó láti fi sọ pé ìgbìmọ̀ náà kò sí. Ìgbìmọ̀ yìí gbé owó ibodè lé ẹrù tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, ó ṣètò bí lẹ́tà yóò ṣe máa lọ láti Abẹ́òkúta dé Èkó, ó sì ń fi orúkọ gbogbo Ẹ̀gbá kọ̀wé sí ìjọba òyìnbó lórí ààlà ilẹ̀. Glover fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí agbára owó yẹn: nígbà tó kó àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ wá sójú ọ̀nà tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní tiwọn, inú bí ìlú títí tó fi di Ìfọ́lé ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, tí wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n sì lé wọn. Kò sí ẹni tí í du ibodè mọ́ ẹni tí kò ní ibodè. Ohun tó pa ìgbìmọ̀ náà ni pé àwọn Ológun àti Ògbóni, tí owó ojú ọ̀nà ti ń jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀, kò rí ohun tí wọn yóò rí gbà nínú àpò tuntun náà. Ṣómóyè kú ní 1868, ìjà lórí ẹni tí yóò jẹ Aláké tẹ̀ lé e, Johnson kò sì rí ẹni tó lágbára fara tì mọ́. Láti ìgbà náà títí di àdéhùn ọdún 1893, tí ìjọba Èkó fi gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró, oníkálukú tún padà sídìí ibodè tirẹ̀.

Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá (Egba United Government, EUG) bẹ̀rẹ̀ ní 1898 lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀. Gómìnà McCallum ní Èkó ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, èyí ni àwọn kan sì ń fà yọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó. Àwọn ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó pẹ̀lú àwọn olóyè, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ní aṣojú, Adégbóyèga Ẹ̀dun, tó di akọ̀wé ìjọba ní 1902, sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Owó ibodè ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń rí. Òun ni wọ́n fi la ọ̀nà, tí wọ́n fi san owó oṣù akọ̀wé kóòtù. Àwọn olóyè tí àwọn oníbodè wọn ti ń gbowó tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń gba owó oṣù. Ìdí nìyẹn tí EUG fi lo ọdún 16 nígbà tí EUBM kò lo mẹ́wàá.

Ẹnì kan lè bi mí pé bí owó ibodè bá ṣe dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló mú ìpànìyàn Ìjẹmọ̀ wá? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí ará Ìjẹmọ̀ kan kú lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, tí ìlú ní kí Ẹ̀dun kúrò, àwọn sójà òyìnbó yìnbọn fún wọn; Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tó kú. Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ ipá ló dá ìjà yẹn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó wá lànà láìgba kọ́bọ̀, owó orí ló ń san, ọwọ́ àti ẹ̀yìn ló fi ń san án. Àwọn olóyè tó ní àga kì í rolẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń rolẹ̀ kò ní àga. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Lugard, Gómìnà Àgbà Nàìjíríà, fagi lé àdéhùn 1893, ìgbìmọ̀ olómìnira Abẹ́òkúta sì dópin.

Ní 1918, wọ́n mú owó ibodè kúrò, wọ́n fi owó orí rọ́pò rẹ̀: ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin, ṣílè méjì àbọ̀ fún obìnrin. Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ìjọba sì kó àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lù wọ́n. Àwọn kan ní òmìnira tó bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbá ló fà á, kì í ṣe owó. N kò rí ìdí tí a fi ní láti ya méjèèjì. Owó ibodè ni òmìnira náà fi ń rìn.

Obìnrin ló tún ọ̀rọ̀ yìí gbé dìde, ìpín yìí ló sì níyì jù nínú gbogbo ìtàn náà. Lábẹ́ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, tó gorí oyè ní 1920, ètò ìjọba òyìnbó sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo, ìgbìmọ̀ di olùdámọ̀ràn lásán. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti wọ owó orí, ọkùnrin di ọdún 16. Nítorí pé ìwé ìbí kò sí, àwọn akóda a máa tú ọmọbìnrin síhòòhò láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀, kó àwọn alárọ, aláta àti olùkọ́ jọ sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n sì lọ dó ti ààfin Aké ní ìparí ọdún 1947. Wọ́n máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé orin àti ariwo ni wọ́n fi ṣẹ́gun. Ó yẹ ká wo ohun tí wọ́n béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, kí wọ́n gbé e lé àwọn ilé iṣẹ́ òwò òyìnbó. Kí wọ́n ná owó ìlú sórí ìmọ́tótó, ọkọ̀ àti ẹ̀kọ́. Kí wọ́n fòpin sí aláṣẹ kan ṣoṣo, kí ìgbìmọ̀ tí obìnrin náà wà nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìṣirò owó káńsù nìyẹn látòkè délẹ̀. Aláké kúrò ní Aké ní oṣù keje ọdún 1948, ó fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tuntun. Aláké padà wálé ní ìparí 1950, àmọ́ kò padà di aláṣẹ kan ṣoṣo.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1952 wá sọ ohun tí àwọn ìyá yìí jà fún di òfin: àwọn tí a dìbò yàn ló pọ̀ jù nínú káńsù, àwọn ló sì ń gba owó orí. Wàhálà òṣèlú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 ba èyí jẹ́, àwọn alámòójútó tí ìjọba fi ọwọ́ yàn sì gbapò kánsẹ́lọ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, lára ohun tí wọ́n ń bá jà ni àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń gbowó orí lọ́wọ́ wọn.

Àtúntò 1976 sọ káńsù di ìpele kẹta ìjọba káàkiri Nàìjíríà, ó sì mú owó wá láti òkè. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Owó tó ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ bọ̀ kò ní olówó nílé, kò sì sí ẹni tó ń dó ti ilé káńsù nítorí rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 tún ní kó kọ́kọ́ wọ àpò tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ń lò. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí a dìbò yàn. Ìdájọ́ náà kò fọwọ́ kan owó tí káńsù Àríwá àti Gúúsù Abẹ́òkúta ń gbà fúnra wọn lọ́jà, ní ibùdókọ̀ àti ní ilé ìpẹran, owó tí àwọn ìyá aláàdìrẹ ní Ìtòkú mọ̀ dunjú ju ti Àbújá lọ.