Owó Ẹyọ Di Káàdì

Ní ibùdókọ̀ ojú irin Mile 2, ẹ lè ní 5,000 náírà lápò kí ẹ má sì rí ọkọ̀ wọ̀. Káàdì ni wọ́n ń bi yín lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe owó. Cowry lorúkọ káàdì náà. Àwa tá à ń fi í wọkọ̀ l'Ékòó, ṣé a tiẹ̀ ń rántí pé owó ẹyọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ?

Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ owó ẹyọ ti wá. Ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ló ń kó o dé etíkun wa. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Ẹ gbé e wò ná! Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀kẹ́ bíi mélòó kan rajà, àfi kó wá alárù. Arìnrìn-àjò tó bá dé ẹnubodè á ka ẹyọ fún oníbodè kó tó kọjá.

Ó wúwo lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ọwọ́ ló ń gbà á. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ibodè, wọ́n á fi ra ẹ̀kọ jẹ níwájú.

Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tíkẹ́ẹ̀tì bébà là ń rà. Nínú danfo, owó ni títí dòní, pẹ̀lú wàhálà ṣéńjì: kọ̀ńdọ́ á so ẹ̀yin méjì tí ẹ ò mọra rí pọ̀, kí ẹ lọ wá ibi tí ẹ ti máa pín in. Káàdì gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, a ò ní purọ́. Nígbà tí Blue Line sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò ní September 4, 2023, káàdì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tó tún fẹ́ wọ danfo délé, àfi kó ní owó mìíràn lọ́wọ́. Oníbúrẹ́dì ò mọ káàdì yẹn. Àlejò tó ti Ìbàdàn wá fún ọjọ́ kan péré náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá káàdì.

Ẹrù ti fúyẹ́, àmọ́ ọwọ́ tó ń gbà á ti dín kù. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. À ń retí kó ro káàdì yìí náà.