Nígbà tí ìbò dé àárín wa: Savalou àti Bantè ní oṣù Kẹta ọdún 1991

Ọ̀rọ̀ ìbò la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n a ò wá polówó ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ìgbé ayé àdúgbò lọ́sẹ̀ ìbò la fẹ́ yẹ̀ wò: bí àwọn èèyàn ṣe ń pàdé nídìí kànga, lọ́jà, nídìí ayò àti nídìí rédíò nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú bá gbóná. Ìbò ààrẹ oṣù Kẹta ọdún 1991 la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa kọ́kọ́ dìbò ààrẹ láìmọ ẹni tí yóò wọlé.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ilẹ̀ wa wà. Ìlú àwọn Mahi ni Savalou, ìran Gbaguidi ló sì ń jọba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jáde kúrò láàárín ìlú, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbọ́ èdè Nàgó. Ní Tchetti, nítòsí ààlà Tógò, èdè Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ẹ̀ka Yorùbá sì ni. Ní Bantè, àwọn Itcha ni wọ́n ni ilẹ̀, ọmọ Nàgó ni àwọn náà. Títì tó gba Ìdáàṣà wọ Savalou ló gba Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou. Ẹni tó ń ti Kútọnu lọ sí Natitingou ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ẹni tó ń ti òkè lọ́hùn-ún bọ̀ náà ń gba ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ló sì dúró síbẹ̀, tí wọ́n fẹ́yàwó, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n dá oko.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóṣèlú pín Dàhòmì sí àríwá àti gúúsù, àárín la bọ́ sí. Láti ìgbà òmìnira ní ọdún 1960, ọkùnrin mẹ́ta ló di orílẹ̀-èdè náà mú: Hubert Maga ní àríwá, Sourou-Migan Apithy ní Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀, Justin Ahomadégbé ní Abọ́mẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Olúkúlùkù ní ilé tirẹ̀, olúkúlùkù ní àwọn èèyàn tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1970, wọ́n dìbò ààrẹ láti agbègbè dé agbègbè, kì í ṣe ní ọjọ́ kan náà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìbò náà kó tó parí. Wọ́n wá ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa jẹ ààrẹ ní ọdún méjì méjì. Maga lo ọdún méjì tirẹ̀, Ahomadégbé gba ipò, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà lórí àga tí Mathieu Kérékou àti àwọn ọmọ ogun fi gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972.

Ìjọba Kérékou pẹ́ o. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn PRPB. Ìbò ń wáyé, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹgbẹ́ bá ti tò sílẹ̀ náà ni wọ́n máa fi síwájú ará ìlú. Kò sí ohun tí aládùúgbò yóò bá aládùúgbò jiyàn lé lórí, nítorí èsì ti wà nílẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná.

Owó ló kọ́kọ́ tú ìjọba náà fó. Ní ọdún 1988 àti 1989, àwọn báńkì ìjọba dojú dé, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó, ilé ẹ̀kọ́ tì títí ọdún ẹ̀kọ́ kan fi ṣòfò. Àwọn ọmọ tó ń kàwé ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ padà sílé wá bá bàbá wọn lóko. Ní ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì ọdún 1990, wọ́n ṣe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Wọ́n gbé àpérò náà sórí rédíò, bí ó ṣe ń lọ làwọn èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ. Ilé tó bá ní rédíò di ilé ìpàdé. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbọ́ kí wọ́n bá olórí wọn wí ní gbangba tí kò sì sí ẹni tó wọ ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí àpérò parí, Nicéphore Soglo di olóòtú ìjọba, Kérékou sì wà lórí àga ààrẹ títí dìgbà ìbò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1991, ni ìpele àkọ́kọ́. Olùdíje mẹ́tàlá ló jáde. Soglo ló ṣíwájú, Kérékou tẹ̀ lé e, Albert Tévoédjrè ṣe ẹ̀kẹta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi sí àárín ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló sì gbóná jù.

Ẹ fojú inú wo àkókò náà. Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kànga ti fà, obìnrin ń jí ní òru láti lọ gba ipò nídìí omi. Kàjú ń bọ́ lóko Bantè, àwọn ọmọdé ń ṣà á. Àgbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò àkọ́rọ̀ yóò tètè dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà ní ìlú wa mọ̀ pé ibi tí omi bá ti wọ́n ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ sí. Nídìí kànga ni ilé ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin wà. Wákàtí kan, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń dúró de omi, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀: ta ló san owó ilé ìwé, ta ló jẹ ẹ́, ọmọ ta ló kàwé tán tí kò ríṣẹ́. Ìyá tó fẹ́ Kérékou àti ìyá tó fẹ́ Soglo, okùn kan náà ni wọ́n fi ń fa omi. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ fífa okùn nítorí ìjà, àwọn méjèèjì ni ìkòkò wọn yóò gbẹ.

Lọ́jà náà bẹ́ẹ̀ ni. Gààrí Savalou ní orúkọ káàkiri Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó ń rà á kò sì bèèrè ẹgbẹ́ tí ẹni tó yan án wà. Oníṣu láti Bantè, oníṣòwò aṣọ tó ti Kútọnu gòkè wá, Fúlàní tó kó wàrà wá, ìyá alákàrà, gbogbo wọn nílò ara wọn kó tó di alẹ́. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn jókòó sídìí ayò, tàbí sídìí ọtí ọkà bàbà tí a ń pè ní tchoukoutou, tàbí sídìí ṣódábì. Ibẹ̀ ni àwàdà ti máa ń pọ̀. Bí ẹni kan bá jẹ ayò, wọ́n á ní òun ni ààrẹ. Bí ó bá pàdánù, wọ́n á ní kó lọ dúró de ìpele kejì.

Kódà nídìí Dankoli, òrìṣà tí gbogbo ayé mọ̀ nítòsí Savalou, ẹnikẹ́ni ló lè lọ kan èèkàn tirẹ̀, kó da epo pupa lé e, kó tọrọ ohun tó fẹ́. Kò sí ẹni tó ń bi èèkàn léèrè ẹni tó ni ín dìbò fún. A ò mọ iye èèkàn tí wọ́n kàn nítorí ìbò. Dankoli nìkan ló mọ̀.

Ìpele kejì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Ẹ wo bí ọjọ́ náà ṣe rí. Àìkú Ọ̀pẹ ni fún àwọn onígbàgbọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Àjíǹde. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Nítorí náà, orí ìlà kan náà ni ẹni tó mú imọ̀ ọ̀pẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ àti ẹni tí kò fi omi kan ẹnu láti ìdájí ti pàdé, pẹ̀lú ẹni tó ti bọ òrìṣà ilé rẹ̀ kó tó jáde. Nílẹ̀ wa, àwọn mẹ́ta yìí lè jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Bí àgbàlagbà bá ń gbààwẹ̀ nínú oòrùn, ọmọdé á ní, "Bàbá, ẹ bọ́ síwájú." Ọmọ náà kò ní bi bàbá léèrè ẹni tó fẹ́ dìbò fún kó tó yẹra fún un. Àṣà ti ṣe òfin yẹn kí ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó dé.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ṣí àpótí níbi tí wọ́n ti dìbò, wọ́n ka ìwé ìdìbò lójú gbogbo èèyàn. Lábúlé tí kò sí iná mànàmáná, àtùpà ni wọ́n fi ka á. Lẹ́yìn náà, rédíò lókù. Èdè Faransé ni èsì kọ́kọ́ ń bá dé, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ló sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ọmọ ọdún méjìlá di agbẹnusọ ìjọba lójú ẹsẹ̀, àwọn bàbá á sì máa sọ fún un pé kó rọra sọ ọ́, kó tún un sọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Soglo ní nǹkan bí 68 nínú ìbò 100, Kérékou ní nǹkan bí 32. Àríwá tẹ̀ sí Kérékou, gúúsù tẹ̀ sí Soglo. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìlú kan ní àríwá, àwọn kan tó wá láti gúúsù sì sá kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣòwò láti ọdún pípẹ́. Ohun tí ìbò lè ṣe láàárín aládùúgbò nìyẹn bí wọ́n bá gbà pé ẹ̀yà ló ń dìbò, kì í ṣe èèyàn. Ṣùgbọ́n Kérékou gbà pé òun pàdánù, ó sì gbé ìjọba sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, Soglo búra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn ti dá a gúnlẹ̀ nígbà náà. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí ààrẹ kankan lórí ilẹ̀ Áfíríkà ńlá, yàtọ̀ sí àwọn erékùṣù, tí ará ìlú fi ìbò yọ nípò bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ará wa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, wọ́n dìbò fún MKO Abíọ́lá, àwọn ológun sì fagi lé e. Ní Tógò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 kan náà, ìbọn dún ní Lomé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì sá wọ Gánà àti Bẹ̀nẹ̀. Ààrín àwọn méjèèjì la wà tí a ń ka ìbò tiwa.

Ọdún 1996 wá fi ohun mìíràn hàn wá. Wọ́n ti já owó CFA sí ìdajì ní oṣù Kínní ọdún 1994, owó ọjà sì ti fò sókè. Nídìí kànga, iye tí ìrẹsì àti òògùn di ni wọ́n ń sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1996, Kérékou padà wá, ó sì borí Soglo. Nígbà tó ń búra, ó fo ibi tí ìwé òfin ti ní kí ààrẹ dárúkọ ẹ̀mí àwọn baba ńlá, nítorí ó ti di onígbàgbọ́. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ní kó tún ìbúra náà ṣe, ó sì tún un ṣe. Ẹni tó ń yọ̀ ní 1991 ń kẹ́dùn ní 1996, ẹni tó ń kẹ́dùn sì ń yọ̀. Ẹni tó ti bá aládùúgbò rẹ̀ jà kanlẹ̀ ní 1991 ní láti padà wá bẹ̀bẹ̀ omi. Ẹni tó fi àyè sílẹ̀ kò ní ohun tó ń tún ṣe.

Ìdí tí a fi ń rántí nǹkan wọ̀nyí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àríyànjiyàn ìbò ló ń ba àdúgbò jẹ́. Ìtàn wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú ìbò aṣòfin ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí 27 péré nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló sì jáde. Ìyẹn kò mú àlàáfíà wá: ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ṣáájú ìbò ààrẹ, wọ́n di ọ̀nà ní Tchaourou àti Ṣábẹ̀ẹ́, ìbọn dún ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nígbà tí ìbò ṣí sílẹ̀, ẹnu la fi jà, a sì jọ mu omi kànga kan náà. Nígbà tí wọ́n tì í, ọ̀rọ̀ tí ì bá pa rẹ́ nídìí ọtí bọ́ sójú títì.

Àwọn tó tò sórí ìlà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1991 ti ń dàgbà báyìí, àwọn míràn ti lọ. Bí ẹ bá délé, ẹ bi bàbá àti ìyá yín léèrè ibi tí wọ́n ti dìbò lọ́jọ́ náà, ta ló wà níwájú wọn, ta ló wà lẹ́yìn wọn, rédíò ta ni wọ́n gbọ́ èsì níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àdúgbò. Ìtàn tiwa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bá wa kọ ọ́.