Balógun Ọ̀rún àti Ẹ̀ṣọ́ Késárì

Ní Dogarawa, lójú ọ̀nà tó ti Zaria lọ sí Kano, ọmọdé pàápàá mọ dógárì: òun ló ń ṣọ́ ọba Zazzau ní Zaria. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú orúkọ àdúgbò yẹn. Bí olùkọ́ bá fẹ́ ṣàlàyé àwọn ọmọ-ogun tí Augustus, Késárì Róòmù, yàn láti máa ṣọ́ ara rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, kí ló ń wá Látìnì kiri sí? Ẹ̀ṣọ́ Késárì ti tó. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa: oyè àwọn jagunjagun 70 ni Ẹ̀ṣọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ àtijọ́.

Iṣẹ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò, ká tó sọ oyè ní orúkọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti fi èyí hàn wá. Wọ́n mú balógun, ẹni tí ogun ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá fi iye pààlà fún un: balógun ọ̀rún. Balógun kan ṣoṣo ni Ìbàdàn ń ní. Líjíónì Róòmù kan, tó tó nǹkan bí 5,000 ọmọ-ogun, ní balógun ọ̀rún bí 60. "Ọ̀rún" yẹn ló là wọ́n níyà. Lóòótọ́, 80 ló sábà máa ń wà lábẹ́ balógun ọ̀rún kan láyé àwọn Késárì, ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù fúnra wọn kò pa orúkọ náà dà.

Igbákejì balógun ọ̀rún, optio, ńkọ́? Ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ ẹ̀yìn ìlà ni optio ń dúró sí, tòun ti ọ̀pá gígùn, kí ẹnikẹ́ni má baà sá. Aṣọ́-ẹ̀yìn-ogun ni mo máa pè é.

Ẹni tó ń gbé ère idì líjíónì lórí ọ̀pá ńkọ́? "Agbédì" yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí á gbọ́ ìdí níbẹ̀. Agbásíá-idì ló mọ́ jù. Iṣẹ́ ńlá ni: nígbà tí àwọn ẹ̀yà Jámánì run líjíónì mẹ́ta nínú igbó Teutoburg lọ́dún 9 lẹ́yìn ìbí Kristi, idì mẹ́ta ló bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Àyálò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lédè Hausa, ọba ni sarki ń jẹ́ ní Zaria. Nígbà tó di Sẹ̀ríkí n'Íbàdàn, ó di olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun. Líjíónì náà lè wọlé bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí á máa pe kánẹ́ẹ̀lì àti jẹ́nẹ́rà ní "ọ̀gágun" pọ̀. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún ta ni, kò lè mọ bí ogun ṣe ṣẹ́.