Ìjàpá Ló Kọ́ Wọn Níṣẹ́: Ìtàn Orí Ẹ́ńjìnnì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde nílé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Badagry. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Tíṣà, akọ̀wé àti nọ́ọ̀sì tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì tipẹ́tipẹ́ wá di ọlọ́kọ̀, Beetle tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní ìjàpá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rà. Bọ́ọ̀sì Volkswagen, àbúrò rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, ni èrò Èkó ń wọ̀ ní danfo. Irú ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nídìí àwọn méjèèjì, òun ló sì kọ́ ìran mẹkáníìkì kan ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, àti bí wọ́n ṣe ń tò ó padà.

Òṣòdì gba iṣẹ́ náà dáadáa. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Agege Motor Road ń bá ojú irin náà rìn. Láti àárín àwọn ọdún 1970 títí dé òpin wọn, ìjọba ológun la ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Òṣòdì gba ẹ̀bá Ìsọlọ̀ lọ sí èbúté Apapa. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé, danfo á pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí danfo bá sì pọ̀ sí, èyí tó máa kú sójú títì kò ní wọ́n. Àwọn ọ̀gá fi igi mẹ́rin àti páànù gbé àtíbàbà kalẹ̀ ní Máfolúkù, ní Bọ́ládé, àti káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìsọlọ̀, àwọn òbí sì ń fa ọmọ wọn lé wọn lọ́wọ́.

Ìjàpá kì í mu omi. Fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sára sìlíńdà mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Apá kọ̀ọ̀kan ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà tirẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló sì dè é mọ́lẹ̀. Ibi mẹ́rin péré ni wọ́n ti de ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá, nítorí náà kò pẹ́ tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ méjì fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà àlòkù. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan dá dúró: èyí tó bá jẹ, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi òmíràn sí i. Ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ rí gbogbo ìfun ẹ́ńjìnnì náà kedere. Bóyá ni ẹ̀rọ mìíràn wà tó rọrùn fún olùkọ́ tó báyẹn.

Àrùn tí wọ́n sì mọ̀ mọ́ ọn ni fáàfù èéfín sìlíńdà kẹta. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù ló dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ sìlíńdà yẹn. Ooru á pọ̀ níbẹ̀, fáàfù á jó, ọkọ̀ á sì máa fi sìlíńdà mẹ́ta rìn. Volkswagen sún ẹ̀rọ ọ́ìlì náà kúrò lójú afẹ́fẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 1971, ṣùgbọ́n àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì ń ná Òṣòdì lójoojúmọ́.

Bí tọ́ọ̀pù sìlíńdà bá ti bọ́, ìgbà náà ni ọ̀gá máa ń mọ ọmọṣẹ́ tó ní sùúrù. Ọmọ náà á kọ́kọ́ fi igi ha èédú tó dì mọ́ inú rẹ̀, torí ọ̀bẹ mímú á fá alumíníọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka bu grinding paste, èyí tó rí ṣákiṣàki, á fi yí etí fáàfù ká. Á ti igi tó ní rọ́bà lẹ́nu mọ́ orí fáàfù, á sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí igi náà lọ, yí i bọ̀. Á gbé e sókè díẹ̀, á yí ipò rẹ̀ padà, á tún máa yí i. Ìró rẹ̀ máa ń le níbẹ̀rẹ̀, á sì máa rọ̀ bí irin bá ṣe ń bá irin mu. Nígbà náà ni yóò kan paste tó kúnná. Tó bá nù ún, òrùka kan tó ní àwọ̀ eérú gbọ́dọ̀ yí fáàfù àti ìjókòó rẹ̀ ká láìjá níbì kankan. Ọ̀gá á wá da kẹrosíìnì sínú ihò tí iná ti ń jó, á bojú wo ọ̀nà èéfín. Bó bá rí i pé ó ń kán, ọmọṣẹ́ á padà sídìí fáàfù. Tí wọ́n bá tò ó tán, ó ku àlàfo fáàfù: mìlímítà 0.15, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó dunni. Epo bẹntiróòlù ayé ìgbà yẹn ní òjé nínú, irú òjé náà sì máa ń gba awọ ara wọlé. Epo yẹn ni àwọn ọmọṣẹ́ fi ń fọ irin, òun náà ni wọ́n fi ń ṣan ọwọ́ nírọ̀lẹ́. Ọdún 2001 ni àwọn ìjọba Áfíríkà tó pàdé ní Dakar fẹnu kò pé kí epo olójé dópin, ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2006 kó tó kúrò nílẹ̀ ní gúúsù Sàhárà. Àwọn tó fọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà láti 1975 ti fọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Ọdún 1986 ló yí iṣẹ́ náà padà. Ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, kalẹ̀, náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun sì kọjá ohun tí apá tíṣà ká. Tókúnbọ̀, ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, gba ìgboro: Corolla, Carina, Sunny, Mazda 323. Ìjàpá ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Beetle ìkẹyìn ayé jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní oṣù keje 2003, lẹ́yìn èyí tó lé ní mílíọ̀nù 21, àwọn ọmọṣẹ́ tuntun ní Ìsọlọ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ́ńjìnnì Japan ń mu omi. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà alumíníọ̀mù kan ṣoṣo ló dé orí sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí omi bá gbẹ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì, alumíníọ̀mù á tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á pàdé ọ́ìlì, ọ́ìlì á sì funfun bí ògì. Fún ẹ́ńjìnnì 4A-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Carina, mìlímítà 0.05 ni Toyota gbà kí ojú tó jókòó lórí gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ mọ. Ojú lásán kò lè rí i, ọwọ́ ọmọṣẹ́ kò sì lè tún un ṣe. Àwọn tọ́nà tó ní ẹ̀rọ ńlá ní agbègbè Mátorí àti Ládípọ̀ ló gba apá iṣẹ́ yẹn: wọ́n á fá ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, mẹkáníìkì á sì dè é padà láti àárín bọ̀ sétí, díẹ̀díẹ̀.

Ọjà Ládípọ̀, tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní ẹnubodè Múṣin àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀, wá fi ọ̀nà tó yá jù hàn wọ́n: ẹ gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jù, ẹ ra tókúnbọ̀ odindi. Èèyàn kò lè bá awakọ̀ danfo tó ní owó ojúmọ́ láti san wí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan jó nínú rẹ̀ ló di irin àlòkù, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló sì gba òmìnira láìyí igi fáàfù lọ́wọ́ rí. Pẹ̀lú gbogbo ìrọ̀rùn rẹ̀, àdánù ni.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Fáṣọlá palẹ̀ Òṣòdì mọ́ ní oṣù kìíní 2009. Ti Ambode tó tẹ̀lé e wó ọjà Owónífàrí níbẹ̀ ní oṣù kìíní 2016. Ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì sì ṣí ní 2019. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò gba àtíbàbà bíi ti àtijọ́ mọ́. Síbẹ̀, ẹ ṣì lè rí ọ̀gá tó ń ha èédú kúrò lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ní àwọn àdúgbò inú Ìsọlọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì odindi, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà níṣojú yín, kí wọ́n sì gbé e lọ fún tọ́nà kó wọ̀n ọ́n. Ẹ béèrè iye tó fi tẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.