Omi Tí Ó Kun Eyín

Bí omi bá mọ́ gaara, tí kò rùn, tí kò sì korò lẹ́nu, a máa ń sọ pé ó dára. Bẹ́ẹ̀ ni omi Colorado Springs ní Amẹ́ríkà rí nígbà tí ọ̀dọ́ oníṣègùn eyín kan, Frederick McKay, dé ibẹ̀ ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n eyín àwọn ọmọ ìlú náà pọ́n, bí ẹni pé obì ni wọ́n ń jẹ láti ìgbà tí a ti já wọn lẹ́nu ọmú. Àwọn kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n jẹ jù. Àwọn mìíràn ní wàrà wọn ni kò dára. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé kòkòrò kì í sábà jẹ irú eyín bẹ́ẹ̀.

Ní 1923, àwọn òbí ní ìlú kékeré Oakley, ní Idaho, sọ fún McKay pé ìgbà tí àwọn fa omi ìsun lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan wọ ìlú ni eyín ọmọ àwọn yí padà. Ó ní kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n fa òmíràn. Wọ́n gbà, kò pẹ́ tí eyín tuntun fi ń hù ní funfun. Síbẹ̀, ọdún 1931 ni onímọ̀ kẹ́míkà H. V. Churchill tó kéde pé fúlúóráìdì ni ó pọ̀ jù nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

H. Trendley Dean ni ó wá ìwọ̀n rẹ̀: bí kò bá ju míligíráámù 1 nínú lítà omi 1, eyín ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pọ́n, síbẹ̀ kòkòrò ń dínkù. Ní 25 January 1945, Grand Rapids, ní Michigan, di ìlú àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí a pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n fi omi Muskegon nítòsí sílẹ̀ bí ó ti wà, kí wọ́n lè fi ọmọ ìlú kan wé ti èkejì. Lẹ́yìn ọdún 11, kíkẹ̀ eyín láàrin àwọn ọmọ tí a bí ní Grand Rapids lẹ́yìn ìpò yìí ti fi ohun tí ó ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Muskegon kò dúró dè wọ́n. Ó ti gba tirẹ̀ ní 1951.

Ìgbìmọ̀ ìlú ni ó dìbò fọwọ́ sí i ní 1944. Ẹni tí kò fẹ́ ńkọ́? Omi ẹ̀rọ kan náà ni ó ń mu. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun ẹ̀sín, bí àǹfààní náà tilẹ̀ hàn kedere. Ní 2015, nígbà tí fúlúóráìdì ti wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín, ìjọba Amẹ́ríkà dín ìwọ̀n náà kù sí míligíráámù 0.7. Ní 2025, ìpínlẹ̀ Utah fòfin dè é pátápátá.