Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtàn Fábùnmi?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lóṣù tó kọjá. Ọmọ Ìbàdàn ni. Ó fẹ́ kọ ìwé ìtàn-àròsọ nípa Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Prọ̀fẹ́sọ̀, ṣé ẹ̀yin ará ibẹ̀ kò ní sọ pé ọmọ ajẹ́lẹ̀ ló tún dé yìí?" Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi nínú mọ́.

Ẹ jẹ́ n rán ẹni tó bá ti gbàgbé létí. Lọ́dún 1878, Fábùnmi bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Ẹnu kò kò lórí ohun tó fà á: àwọn kan ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, àwọn kan ní oúnjẹ ọdún ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ wá fipá gbà. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ṣáájú ogun, ìbọn sì ń dún kírìjì, kírìjì láàárín Ìgbájọ àti Òkè-Ìmẹ̀sí. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àgọ́ kò tú tán títí di 1893. Látòósà, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, ti kú sójú ogun náà ní 1885.

Látòósà yìí ni mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ wò. Ọdún mẹ́rin kí Fábùnmi tó yọ idà, òun ló wà nídìí ikú obìnrin kan tí gbogbo wa rò pé a mọ̀: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn.

Ibo la ti mọ̀ ọ́n? Nínú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, èyí tó jáde ní 1970. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ yín ní ìwé náà, n kò sì rántí ẹni tó sùn ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Obìnrin tí kò rọ́mọ bí, tó ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, tó ní kí wọ́n pa Adétutù. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, Látòósà ká a mọ́lé, ó sì gbé májèlé jẹ. Bí àwọn èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe eré náà lórí ìtàgé, ẹ ó rò pé Látòósà ni olùgbàlà.

Ẹ wá gbé ìwé Samuel Johnson, tó kọ tán ní 1897 tí wọn kò tẹ̀ títí di 1921. Johnson gbé Ìbàdàn, kì í sì í ṣe ọ̀tá Ìbàdàn. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló ní Látòósà kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́ sí i, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tó ti ogun dé. Ọ̀rọ̀ ẹrú kò sí níbẹ̀ rárá! Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní May 1874. Nígbà tó máa fi di ìparí June, wọ́n ti fi owó ra ará ilé rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ sì pa á lóru. Nígbà tí Bọ́láńlé Awẹ́ náà kọ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè ló tẹnu mọ́: ó ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn olóyè, wọn kò san án, ogun tí kò lópin sì ti sú u.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Ìṣọ̀lá kọ́ ló hùmọ̀ ìkà yẹn. Johnson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé láti ìgbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí ti kú níbi ìkúnlẹ̀ ní 1860 ló ti ń fìyà jẹ ẹrúbìnrin tó bá lóyún. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni mo ń wá nínú eré náà tí n kò rí. Àgàn ni wọ́n sọ ìyá rẹ̀ dà. Àgàn tó ń bínú àti ìyá tó sin ọmọ rẹ̀, ìkà wọn lè jọra, àmọ́ èèyàn kan náà kọ́ ni wọ́n.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1967, William Styron, òyìnbó ọmọ Virginia, kọ ìwé ìtàn-àròsọ nípa Nat Turner, ẹrú aláwọ̀ dúdú tó kó àwọn ẹrú jọ tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ ní 1831. Ó sọ ọ́ bíi pé Turner ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ńlá. Nígbà tó di 1968, àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá para pọ̀, wọ́n tẹ ìwé jáde láti ta kò ó. Ọ̀kan nínú ohun tó dùn wọ́n ni pé ó gba ìyàwó lọ́wọ́ Turner, ó wá fi ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sí ọmọbìnrin òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó sún mọ́ni jù lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò.

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní girama, mo kọ eré kan nípa Fábùnmi fún àwọn ọmọ iléèwé. Ọmọ Ìbàdàn kan ló ṣe ajẹ́lẹ̀. Ohun tí mo kọ fún un kò ju "Ẹ mú un wá!" àti "Ẹ nà án!" lọ. Níjọ́ kan tí a ń dánra wò, ọmọ náà ní, "Sà, tí n kò bá na èèyàn, kí ni mo máa ń ṣe nílé?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó padà sáàyè rẹ̀. Mi ò lè dá a lóhùn: mi ò mọ̀ bóyá ajẹ́lẹ̀ náà níyàwó, mi ò mọ ẹni tó rán an wá sáàárín òkè wa tàbí iye ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì fi ń bá àwọn ọmọ wí nígbà náà!

Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ mi padà. Mo ní kó wá sí Òkè-Ìmẹ̀sí, kó má wá fún ọjọ́ kan. Kó wá nígbà òjò, kó tẹ̀ lé wọn lọ sóko. Mo ní kó má kó "ulé" sí wa lẹ́nu níbi tí ẹlòmíì ti ń sọ "ilé" kìkì kí òǹkàwé lè fi Èkìtì ṣẹ̀fẹ̀. Tó bá fẹ́ lo ẹ̀ka èdè wa, kó jẹ́ ká fi í gbọ́n nínú ìwé náà, ká fi í ṣọ̀fọ̀. Kó má sì sọ Fábùnmi di òrìṣà nítorí pé ó ń bẹ̀rù wa. Ẹni tó bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 mọ̀ pé Ìbàdàn ń bọ̀. Báwo ló ṣe sùn lóru ọjọ́ yẹn? Ta ló sọ fún?

Ó ní òun máa wá. Mo ti wá ìwé eré mi àtijọ́ jáde nínú àpótí. N ó fún un kó lè rí bí ajẹ́lẹ̀ mi ṣe rí, ojú ìwé mẹ́rìnlélógójì tí kò ti sọ gbólóhùn kan fún ẹnikẹ́ni nílé.